Ìka Tí Abunijẹ Fi Eyín Sàmì Sí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fojú kan ọmọ ọmọ mi, ìka ọmọ ọmọ mi wà lẹ́nu ọmọdé kan, ọmọdé náà sì ti gé e jẹ, kò fi sílẹ̀. Inú kíláàsì ni. Wọ́n ti sún gbogbo àga mọ́ ògiri, òórùn ṣọ́ọ̀kì gba ibẹ̀ kan. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan jókòó sórí tábìlì tíṣà, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó sì ti eyín bọ ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún ọmọ ọmọ mi, Dókítà, bí ẹni pé wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́. Omijé ti lé sójú Dókítà, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí wọ́n ti kọ́ wọn pé oníṣègùn ọmọdé kì í pariwo.

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí pátákó kan lábẹ́ apá. Tàdáwà dúdú ti ta sí i lára dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ fún un nímú," ló sọ.

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ fún un nímú. Tó bá fẹ́ mí, á lanu."

Dókítà fún un nímú. Ọmọ náà lanu, ó fa èémí gùn-ún-rùn, ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n gé e!"

Òótọ́ ló sọ. Ìda tí wọ́n fi ń gba àwòrán eyín ni Dókítà ní kó gé, àmọ́ kò tètè yọ ìka rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe ọmọ náà ní Abunijẹ.

Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ rántí kí ẹnikẹ́ni. Ó gba ọwọ́ Dókítà, ó gbé ìka náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ojú eyín mẹ́rin ló wọ inú awọ níbẹ̀.

"Eyín iwájú rẹ̀ méjì gun ara wọn," ló wí.

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gá dókítà," ni ọmọ ọmọ mi dáhùn. "Èmi rò pé èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ eyín níbí. Iṣẹ́ tiyín ńkọ́?"

"Èmi ni Alátẹ̀ka. Wọ́n ní kí n wá tẹ ìka àwọn ọmọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé láti fi ọwọ́ bo ẹnu bó ṣe máa ń ṣe. Háà! Eyín tirẹ̀ náà gun ara wọn. Èyí wọ inú, èyí yọ síta, ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ kan dúró bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí aládùúgbò ń sọ.

Ó yẹ kí Dókítà wo eyín yẹn bí oníṣègùn. Ó wò ó bí obìnrin.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tẹ tiyín, kó tó wú," ni Alátẹ̀ka wí. Ó pa tàdáwà sí ìka náà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kékeré kan. Àwọn ìlà ìka náà jáde, ojú eyín Abunijẹ sì là wọ́n kọjá. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ, ó ní tàdáwà lòun fẹ́ fi dán wò, ó sì fi pépà náà sínú àpò àyà rẹ̀. Irọ́ ni. Kí ni wọ́n ń dán wò lára tàdáwà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kó ìka àti eyín pọ̀. Ọmọkùnrin mi, bàbá Dókítà, ló ni ilé ìwòsàn eyín ọmọdé tó tóbi jù nílùú. Èmi ni mo bí i, torí náà mo lè bú u. Ó ní inú oyún níbẹ̀ ni ìlà ìka àti eyín ti jọ ń bẹ̀rẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí ìka ọmọ sọ fún wa bí eyín rẹ̀ á ṣe tò. Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò bú u síbẹ̀. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ wádìí rẹ̀.

Odidi ọdún kan ni Dókítà fi ń gba ọwọ́ ọ̀tún àwọn ọmọ tó ń wá sílé ìwòsàn wọn, àwọn tí eyín wọn rí ségesège. Ó ń fi dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ìka ìfábẹ̀lá wọn. Ìlà àwọn mìíràn ga láàárín bí òkè kékeré, ti àwọn mìíràn ń yí po bí ìkarahun ìgbín, àmọ́ ti èyí tó pọ̀ jù máa ń lọ, á sì ṣẹ́rí padà bí ìkọ́. Ibi tí ìkọ́ yẹn bá kọjú sí, òsì tàbí ọ̀tún, Dókítà á ya ọfà rẹ̀ sínú ìwé àjákọ. Lẹ́yìn náà ló wá kan àwọn ọmọ iléèwé, tí eyín èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tò dáadáa. Wọ́n pọ̀ bí eṣú, ni wọ́n bá yá Alátẹ̀ka lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń ṣe káàdì ìdánimọ̀, pé kó tẹ ìka wọn sórí pépà.

Àbájáde rẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete. Eléyín ségesège, òsì. Eléyín títò, ọ̀tún. Abunijẹ nìkan ló da ọ̀rọ̀ rú: eyín rẹ̀ gun ara wọn, ìkọ́ rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀tún. Ọmọkùnrin mi ní ọmọ kan ṣoṣo ò lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà làwọn méjèèjì fi ṣiṣẹ́ ní kíláàsì yẹn. Alátẹ̀ka a tẹ ìka, Dókítà a wo ẹnu. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, "ẹ" ti di "o". Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta, búrẹ́dì kan ṣoṣo ni wọ́n ń pín jẹ lọ́sàn-án, tàdáwà a sì wà lára rẹ̀.

"Kí ló dé tó o máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu tó o bá ń rẹ́rìn-ín?" Dókítà bi í.

"Mò ń sá fún ẹ ni. Tó o bá rí ibẹ̀ tán, wàá ní kí n wá gun àga yẹn."

"Mo ti rí i tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mú ọwọ́ ẹ kúrò."

Ó mú un kúrò.

"Ó yá, rẹ́rìn-ín."

"Kò sí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín."

"Tàdáwà ti wà nímú ẹ láti àárọ̀, gbogbo tíṣà ló sì ti kí ẹ."

Ó bú sẹ́rìn-ín, Dókítà sì jókòó, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó ń wo ẹnu náà bí èèyàn ṣe ń wo ilé tó fẹ́ kó wọ̀. "Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tò ó," ló sọ. "Ọ̀wọ́n mi, mo bẹ̀ ẹ́."

Ibi tí inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nìyí, ara mi ni mo sì kọ́kọ́ bínú sí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Dókítà mú un wálé. Ó wọ aṣọ tó mọ́ tónítóní, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó dìde tó ní "Ẹ kú ilé o, Màmá àgbà," mo rí eyín yẹn, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé eyín àtọwọ́dá tèmi já bọ́ sínú ife tíì tó wà níwájú mi. Èmi, aláìléyín, ni mò ń fi eléyín ṣẹ̀sín! Alátẹ̀ka fi ṣíbí yọ ọ́ jáde, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nù ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Ẹ̀rín mi ló fún ọmọkùnrin mi lágbára.

"Ta ló bí eyín báyìí?" ló bi í. "Mú ọwọ́ ẹ wá." Ó fa dígí rẹ̀ jáde lórí tábìlì oúnjẹ, ó wo ìka ọkùnrin náà bí ẹni ń wo ẹran tó fẹ́ rà. "Òsì! Ṣé ẹ rí i? Mo sọ ọ́. Dókítà, o fẹ́ kó èyí wọ ìdílé wa? Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bá bí, ṣé inú oyún ni kí n ti máa fi wáyà dè wọ́n ni?"

"Dádì!"

"Má pè mí ní Dádì. Èmi tí gbogbo ìlú ń gbé ọmọ wá bá torí eyín, kí àna mi máa rẹ́rìn-ín báyìí nínú fọ́tò? Kò lè ṣẹlẹ̀ nílé yìí."

Alátẹ̀ka dìde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, bẹ́ẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, sà," ló wí. "Màmá àgbà, ó dàbọ̀." Ọmọ ọmọ mi tẹ̀ lé e jáde láìwọ bàtà.

Wọn ò fi ara wọn sílẹ̀. Àmọ́ ọmọkùnrin mi ti fi nǹkan mìíràn sọ́kàn. Ó pe ìpàdé àwọn òbí sí gbọ̀ngàn iléèwé. Ó fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé àwọn ọmọ wá kí wọ́n wo ìka wọn, pé ẹni tí tirẹ̀ bá kọjú sí òsì, kí wọ́n ti fi wáyà de eyín rẹ̀ kó tó yà. Kí wọ́n lè fojú rí i, ó mú àbúrò Abunijẹ, ọmọ ọdún méje tí eyín rẹ̀ tò gbọọrọ, ó wo ìka rẹ̀, ó ní òsì ni, ó sì fi wáyà dè é lẹ́nu. Ìyá ọmọ náà gbà, torí pé ta ni òun láti bá dókítà jiyàn? Ọmọ náà ò jẹun dáadáa mọ́. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fi ahọ́n tọ́ irin náà, á sì dákẹ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì sí ìpàdé, wọ́n kó ìwé àjákọ náà fún Alátẹ̀ka pé kó da ọfà inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Nínú yàrá iṣẹ́ ilé ìwòsàn ló jókòó sí, níbi tí eyín tí wọ́n fi ẹfun mọ wà lórí pẹpẹ, ìlà lórí ìlà, bí ẹni pé ògiri ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ó wá pe Dókítà.

"Ìka ta nìyí?"

"Tèmi. Mo fi kọ́ ọwọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀."

"Ìka wo?"

"Ìfábẹ̀lá ọ̀tún. Mo ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀, olójú-má-ríran."

"Ibo ló kọjú sí?"

"Òsì. Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé èmi náà ní eyín bíi tìẹ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa pépà kékeré kan yọ nínú àpò àyà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Dókítà rí ojú eyín Abunijẹ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn. "O ṣì ní in lọ́wọ́! Oníjìbìtì, ṣé tàdáwà lo ṣì ń dán wò?"

"Ibo ni èyí kọjú sí?"

Ó wò ó. Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. "Ọ̀tún."

"Ìka kan náà ni," Alátẹ̀ka sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Àwọn ọmọ ilé ìwòsàn, o wo ìka wọn níbi tó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ iléèwé, mo tẹ tiwọn sórí pépà. Ohun téèyàn bá tẹ̀ máa ń yí padà, bí ojú ẹni nínú dígí. Òsì tìẹ ni ọ̀tún tèmi. Mo rò pé pépà ni ìwọ náà lò, ó yẹ kí n ti béèrè. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn ọmọ yẹn. Ìdí tí tàbúrò Abunijẹ náà fi jẹ́ òsì nìyẹn. Bàbá ẹ fojú wò ó."

Ẹ gbọ́, mo fẹ́ràn ọmọ ọmọ mi, àmọ́ ó ní ìbínú bàbá rẹ̀.

"O dúró títí ó fi ku ọjọ́ méjì!"

"Òní ni wọ́n fún mi ní ìwé náà."

"Bàbá mi kọ̀ ẹ́ ni. Òun lo fẹ́ dójú tì, èmi lo sì fẹ́ fi ṣe é."

"Wáyà wà lẹ́nu ọmọ yẹn!" Òun náà ti pariwo báyìí, eyín ẹfun mì lórí pẹpẹ. "Bàbá ẹ lè kọ̀ mí títí ayé. Ṣé èmi ni mo fi irin de ọmọ ọlọ́mọ?"

"Jáde."

Ó kó àpótí rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ló yíjú padà. "Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ẹ ni, ẹnu ẹ ló yẹ kó ti jáde. Àmọ́ má pè mí ní òpùrọ́." Ó fi pépà kékeré náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Dókítà wọ yàrá mi pẹ̀lú agolo pólíìṣì bàtà. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káàdì oògùn mi. Ó wo ìka. Ó wo káàdì. Ó tún un ṣe. Nígbà tó di ìgbà kẹfà, káàdì mi ti di ti ẹni tó ń ta èédú, ọmọ ọmọ mi sì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá àgbà, òun ló tọ̀nà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe yìí. Mo sì lé e jáde."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi látòkè délẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni inú mi ń gbóná. Ọmọ ọdún méje!

"Ta lò ń bínú sí?" mo bi í.

"Ara mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má sunkún dà á nù. Gbé ìbínú yẹn lọ sí gbọ̀ngàn."

"Dádì ò ní dárí jì mí láé."

"Tí o bá dákẹ́, ọmọ wo ló máa dárí jì ẹ́?"

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Èmi jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Abunijẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Alátẹ̀ka dúró lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àpótí rẹ̀, torí pé wọ́n ti sọ fún un pé kó wá tẹ ìka ẹni tó bá fẹ́. Kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ọmọkùnrin mi sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní kí ọmọ ọdún méje náà dìde kó fi wáyà ẹnu rẹ̀ han àwọn èèyàn. Ọmọ náà dìde, ó sì mú ètè méjèèjì pọ̀ pinpin, kò là á.

"Dókítà, fi ìwé náà hàn wọ́n," ni ọmọkùnrin mi wí.

Ọmọ ọmọ mi dìde. Ó gbé ìwé náà sókè. "Ẹ̀yin òbí wa," ló wí, "ìwé yìí ò dáa. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo sì ṣì í kọ."

"Jókòó!" ni bàbá rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò jókòó, sà. Bóyá nǹkan kan wà láàárín ìka àti eyín, mi ò tíì mọ̀. Àmọ́ ìwé yìí ò sọ ọ́. Mo fojú wo ìka apá kan àwọn ọmọ, a sì tẹ ti apá kejì sórí pépà. Kẹ́nikẹ́ni má fi wáyà de ọmọ rẹ̀ torí ohun tí mo kọ." Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Alátẹ̀ka, jọ̀ọ́, gbé tàdáwà wá. O tọ̀nà, mo sì ṣẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Ó gba àárín wọn kọjá, ó ṣí àpótí lórí tábìlì, ó dúró ti Dókítà. Ó kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Àwọn òbí dìde lọ́kọ̀ọ̀kan: wo ìka ẹ, tẹ̀ ẹ́, wo pépà. "Ó yí padà lóòótọ́!" "Tèmi náà!" Ariwo sọ.

"Àwàdà lásán!" ni ọmọkùnrin mi ń pariwo. "Ìka kì í parọ́!"

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ki ìka ọwọ́ mi bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà níwájú rẹ̀. Dúdú lásán. Kò sí òkè, kò sí ìkọ́, kò sí ìgbín.

"Kà á fún mi," mo wí.

Ó wò ó. "Kò sí ìlà níbẹ̀, Mọ́mì."

"Níbo ló lọ? Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń fọ aṣọ onílé-olónà kí o tó di dókítà. Ọṣẹ jẹ gbogbo rẹ̀ tán! Kí ni ìka mi sọ nípa eyín ẹ? Ìwọ tí eyín wàrà ẹ yọ wọ́gọwọ̀gọ, tí mo ń fi ọwọ́ yìí kan náà fọ ẹnu fún, ta ló fi wáyà dè ẹ́? Àbí ta ló lé ẹ jáde nílé torí rẹ̀?" Inú ń bí mi débi pé eyín àtọwọ́dá mi fẹ́ já bọ́, mo fi ọwọ́ dì í mú. "Tú irin yẹn kúrò lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe lọ́la. Báyìí!"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin mi kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọdún méje náà, ó sì sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀: "Lanu, ọmọ mi."

Ọmọ náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Abunijẹ ní, "Tó bá dùn ẹ́, gé e jẹ."

Oṣù mẹ́ta ni ọmọkùnrin mi ò fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi náà ò sì bá òun sọ̀rọ̀, ká lè jọ mọ bó ṣe ń rí. Dókítà tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pépà ni gbogbo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, Alátẹ̀ka sì ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìka ọmọ kẹrìnlélógójì ló ti bi í pé, "Ṣé wàá fẹ́ mi, àbí kí n ṣì máa tẹ ìka?" Dókítà ní, "Máa tẹ ìka, kó o sì fẹ́ mi."

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó, akọ̀wé na bírò sí wọn. Wọ́n fọwọ́ sí i. Àmọ́ Alátẹ̀ka fa pépà kékeré àtijọ́ yẹn jáde, èyí tí Dókítà ti dá padà fún un, ó sì ṣí tàdáwà. Ó tẹ ìfábẹ̀lá òsì tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tí Abunijẹ gé jẹ. Ìkọ́ tìyàwó kọjú sí ọ̀tún, tọkọ kọjú sí òsì. Àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọkùnrin mi ni. Ó dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń fi ọwọ́ pa bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. "Ọmọ mi," ló sọ fún Alátẹ̀ka, mi ò sì gbọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi tọrọ àforíjì. Tó o bá fẹ́, màá bá ẹ to eyín yẹn fúnra mi."

"Dádì," ni ọmọ ọmọ mi wí, "ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan eyín ọkọ mi."

Alátẹ̀ka bú sẹ́rìn-ín. Tàdáwà wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì fi bo ẹnu.